"May" Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ògbufọ̀ Yorùbá

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ní. "May" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àbúrò mi kan lọ sí ilé ẹjọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gba béèlì rẹ̀. Adájọ́ ka àdéhùn béèlì náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé olùjẹ́jọ́ "may not leave the town" títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ògbufọ̀ dìde, ó kọjú sí àbúrò mi, ó ní: "O lè má kúrò ní ìlú." Àbúrò mi mi orí pé òun gbọ́. Ohun tí ó gbọ́ ni pé bí ó bá wu òun láti jókòó sílé, ó dára, bí kò bá sì wu òun, kò sí ẹni tí yóò mú òun. Ní ọjọ́ kẹta, ó kó iṣu lọ sí Ìbàdàn. Ìwó Road, níbi tí ọ̀nà tiwa ti wọ Ìbàdàn, ni ẹni tí ó pè é lẹ́jọ́ ti rí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti wà ní àtìmọ́lé. Ohun tí adájọ́ sọ ni pé: "O kò gbọdọ̀ kúrò ní ìlú."

Inú bí mi sí ògbufọ̀ náà nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú gbólóhùn náà palẹ̀, mo rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Iṣẹ́ méjì tí kò jọra ni "may" ń ṣe. Bí àgbà bá sọ fún ọmọdé pé "You may go", ìyọ̀ǹda ni ó fún un. Bí ẹnì kan bá wo ojú ọ̀run tí ó ní "It may rain", kò sí ẹni tí ó ń yọ̀ǹda fún òjò. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni ó ń sọ. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà, nítorí pé "lè" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó sì tún ń fi agbára hàn pẹ̀lú: ó lè gun ọ̀pẹ, òjò lè rọ̀, ẹ lè máa lọ.

Ìgbà tí ìyísódì bá wọlé ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú. Nínú "You may not go", ìyọ̀ǹda náà ni "not" ń kọ̀: a kò gbà fún ọ. Nínú "It may not rain", ìyọ̀ǹda kò sí níbẹ̀ rárá. Rírọ̀ òjò ni "not" bá wí: ó ṣeé ṣe kí ó má rọ̀. Síbẹ̀, ojú kan náà ni "not" dúró sí nínú gbólóhùn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lè fi ohùn ya wọ́n sọ́tọ̀. Lórí ìwé, kò sí ohun tí ó yà wọ́n.

Èdè Yorùbá kò gbà kí a fi èyí pamọ́. A ní "kò", a ní "má", ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró sí ni ìtumọ̀ wà. "Kò lè lọ": "kò" wà níwájú aṣèrànwọ́-ìṣe, ó sì kọ lílè náà fúnra rẹ̀. "Ó lè má lọ": "má" wà lẹ́yìn rẹ̀, lílọ nìkan ni ó kọ̀. Bí a bá fi ìyísódì sí iwájú àti ẹ̀yìn, a ó ní "kò lè ṣàì lọ", èyí tí í ṣe dandan gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Irú ìhun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé "must". "Kò gbọdọ̀" ni ti èèwọ̀, òun sì ni ó wà ní ìdí púpọ̀ nínú Òfin Mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yí "may not" sí Yorùbá ní láti mọ èyí tí ó jẹ́ kí ó tó la ẹnu. Adájọ́ tí ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yẹn. Ìwé atúmọ̀ èdè kò sì ran ògbufọ̀ lọ́wọ́ tó bí ó ti yẹ. Láti ìgbà tí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1843, tí T. J. Bowen, ẹni tí Yunifásítì tí ó wà ní Ìwó níhìn-ín ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, sì tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858, ọ̀rọ̀ kan ni a máa ń fi dojú kọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n inú gbólóhùn ni "may" ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Bí a bá fẹ́ tọrọ àyè nílẹ̀ yìí, "lè" kọ́ ni à ń lò. "Àgò o!" ni à ń ké lẹ́nu ọ̀nà, tàbí kí a ní "Ẹ jẹ́ kí n wọlé", "Ṣé kí n gbé e?" "Ṣé mo lè wọlé?" jẹ́ Yorùbá ilé-ìwé, àgbà tí ó bá fẹ́ fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò dá a lóhùn pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?" Ti àdúrà tún yàtọ̀. "May God bless you" kì í ṣe "Ọlọ́run lè bùkún yín". Kò sí mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìwó tí wọn yóò ti ṣe àmín sí i. "Kí Ọlọ́run bùkún yín" ni.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ òfin, nítorí níbẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta yìí ti kan gbogbo wa. Abala 55 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ̀rọ̀ nípa èdè tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò máa lò. "Shall" ni ó lò: Gẹ̀ẹ́sì ni, pẹ̀lú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tí ó tó bá ti wà fún un. Ohun kan náà ni abala 51 Ìwé Òfin ti 1979 ti sọ. Abala 97 ni ó kan àwọn ìpínlẹ̀. Ó fi "shall" sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó kan àwọn èdè tí à ń sọ ní ìpínlẹ̀, ó bọ́ sórí "may", bí Ilé bá fi ìpinnu fọwọ́ sí i.

Báwo ni a ó ti túmọ̀ "may" yẹn? Bí a bá ní "Ilé lè lo Yorùbá", olùgbọ́ lè rò pé à ń sọ pé àwọn aṣòfin gbọ́ Yorùbá, tàbí pé bóyá wọn yóò lò ó lọ́jọ́ kan. Kò sí èyí tí òfin ń sọ nínú méjèèjì. "Ilé ní àṣẹ láti lo Yorùbá" ni èmi yóò kọ. Àṣẹ ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹni tí ó bá gbé Ilé Aṣòfin tí ó wà ní Òṣogbo lọ sílé ẹjọ́ pé wọn kò sọ Yorùbá yóò kàn fi owó ṣòfò ni. Ilé Aṣòfin Èkó ti lo àṣẹ náà, wọ́n ti fi Yorùbá jókòó. Ní tèmi, "may" ní ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ sàn ju "shall" abala 55 lọ, èyí tí wọ́n fi okùn "nígbà tí ètò bá wà" so mọ́lẹ̀.

Abala 36 nínú ìwé kan náà fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Àbúrò mi rí ẹ̀tọ́ yẹn gbà. Wọ́n fún un ní ògbufọ̀, kò sì san kọ́bọ̀.

Nígbà tí inú mi rọ̀, mo lọ bá ògbufọ̀ náà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi sọ ohun tí ó sọ. Ó ní, "Ọ̀gá, 'may' ni 'lè', 'not' ni 'má'. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn." Mo ní kí ló dé tí kò bi adájọ́ bóyá èèwọ̀ ni ó ń kà. Ó wò mí títí, ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí pé òun lè bi adájọ́ ní ìbéèrè.