Okùn Ọrùn àti Àmì Ìdánimọ̀ Ajá: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Alájá ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Okùn ọrùn ajá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí bẹ́líìtì ajá, ni ọ̀já pẹlẹbẹ tí a ń dè mọ́ ọrùn ajá kí ó lè ṣeé mú, kí okùn ìfàjá lè rí ibi kọ́, kí àmì tó ń sọ ẹni tó ni ajá náà sì lè rí ibi dúró sí. Àmì ìdánimọ̀ ni irin pẹlẹbẹ kékeré tí a gbẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù alájá sí, tí a sì fi òrùka kọ́ mọ́ okùn náà. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ irú nǹkan báyìí tipẹ́, nítorí pé ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ajá ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ajá wọn wà nínú igbó. Ìgboro Ìlọrin ti fẹ̀ kọjá ibi tí ìró ṣaworo lè dé: ajá tó bá jáde ní Tanke lè bá ara rẹ̀ ní Gáà Àkànbí kí ilẹ̀ tó ṣú, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ilé tí ó ti wá. Ìwé yìí ṣàlàyé bí alájá ṣe lè yan okùn àti àmì tí yóò bá ajá sọ ọ̀rọ̀ náà, àti ìdí tí ìlera gbogbo àdúgbò fi wà nínú rẹ̀.

Ohun tó pa àmì ọrùn ajá pọ̀ mọ́ ìlera ará ìlú

Dìgbòlugi jẹ́ àrùn ọpọlọ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ó sì ń ti inú itọ́ ajá tó ní in wọ ara ènìyàn nígbà tí ajá náà bá bù ú jẹ, tàbí tí ó bá fi ahọ́n lá ojú egbò rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 100, àti pé ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ni 4 nínú ènìyàn 10 tí ajá tí a fura sí pé ó ní àrùn náà ń bù jẹ. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ajá bù jẹ bá tètè gba ìtọ́jú, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà dé ọpọlọ rẹ̀.

Nígbà tí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ìbéèrè méjì ni òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ máa ń béèrè: ta ló ni ajá náà, ṣé ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi? Ajá tí ó ti ní àrùn náà nínú itọ́ lọ́jọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ yóò ṣàìsàn tàbí kú láàárín ọjọ́ 10, nítorí náà, ajá tí a mọ olówó rẹ̀ ṣeé so mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹranko máa ṣọ́ ọ títí ọjọ́ náà yóò fi pé, bí ara rẹ̀ bá sì le títí di ìgbà náà, ọkàn gbogbo ènìyàn yóò balẹ̀. Ajá tí kò ní àmì máa ń rìn wọ inú àdúgbò mìíràn, tàbí kí àwọn èrò pa á kí wọ́n sì sọ ọ́ nù, ẹni tí ó bù jẹ kò sì ní mọ ohun tí ó kàn án. Láti ara àmì kékeré tó wà lọ́rùn ni ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì ti máa ń wá.

Ohun tí òfin wí

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi àkóso ìrìn àti ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn inú ilé, irú èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, òfin ọdún 1998 tó to àwọn owó-orí àti owó àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ sì ka owó ìwé àṣẹ ẹran ọ̀sìn inú ilé mọ́ èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Ó tọ́, nígbà náà, kí alájá tó ń gbé ní Ìwọ̀-oòrùn Ìlọrin, Gúúsù Ìlọrin tàbí Ìlà-oòrùn Ìlọrin béèrè ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ kí òun ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan pé kí ajá tó bá wà ní gbangba ní orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ lára okùn ọrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2016 ni wọ́n ti tún ń béèrè pé kí gbogbo ajá ní microchip, tí a óò ṣàlàyé rẹ̀ níwájú. Èyí fi hàn pé àmì tí ojú lásán lè kà kò tíì di ohun àtijọ́ níbẹ̀.

Yíyan okùn ọrùn

Okùn pẹlẹbẹ tó ní irin ìdè bíi ti bẹ́líìtì ṣòkòtò ló dára jù fún wíwọ̀ ojoojúmọ́, nítorí pé ó ń pín agbára fífà ká gbogbo ọrùn, kì í sì í fún mọ́ ajá lọ́rùn bí ó bá sáré. Èyí tí a fi awọ ṣe lágbára, àwọn aránbàtà àti oníṣẹ́ awọ ní Ìlọrin sì lè gé e ní ìwọ̀n ọrùn ajá gan-an, àmọ́ òjò máa ń rin ín gbingbin, ọyẹ́ sì máa ń jẹ́ kí ó gbẹ kí ó sì sán, nítorí náà ó yẹ kí a máa fi òróró díẹ̀ pa á, kí a sì rí i pé etí rẹ̀ nínú kò mú. Èyí tí a fi okùn ọ̀rá hun fúyẹ́, ó sì tètè ń gbẹ lẹ́yìn òjò. Bí ó bá jẹ́ ajá ńlá bíi Alsatian tàbí Rottweiler ni, irin ìdè ni kí a yàn dípò ìdè oníke, tí ajá alágbára lè fà já lójijì.

Ajá kékeré, ajá tí imú rẹ̀ kúrú, àti èyí tó máa ń wúkọ́ bí a bá fà á lọ́rùn ń fẹ́ okùn àyà, èyíinì ni okùn tí a gbà yí àyà àti abẹ́ apá ká, tí a sì ń so okùn ìfàjá mọ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀, okùn ọrùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé àmì ìdánimọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá ń jáde. Ṣéènì afúnlọ́rùn, tí ó máa ń sún wọlé bí ajá bá ṣe ń fà á, lè ṣe ọ̀nà ọ̀fun léṣe, kò sì yẹ fún wíwọ̀ ojoojúmọ́. Kò yẹ kí a fi wáyà, okùn tín-ínrín, tàbí tíúbù táyà tí a gé dè ajá lọ́rùn rárá. Àṣà fífi ṣéènì àti ágádágodo ti ọrùn ajá pa wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé wa, ewu rẹ̀ sì pọ̀, nítorí pé ìwúwo irin náà ń bó ara ajá, ẹni tó sì fẹ́ gba ajá náà là nígbà tí iná bá ń jó tàbí tí okùn bá kọ́ ọ lọ́rùn lè má rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́.

Fún ajá tó máa ń jáde ní ìdájí tàbí lálẹ́, ó dára kí okùn ọrùn ní ìlà tó ń kọ mànà bí iná mọ́tò bá ti bà á, kí awakọ̀ àti ọlọ́kadà lè rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Wíwọn ọrùn àti dídè é

Tépù aránṣọ tàbí okùn kan ni a ó fi wọn ọrùn ajá yíká. Okùn tó bá a mu ni èyí tí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, tí kò sì lè yọ gba orí àti etí jáde nígbà tí ajá bá fà sẹ́yìn. Ọmọ ajá ń fẹ́ àkíyèsí ju àgbà ajá lọ, nítorí pé ọrùn rẹ̀ ń dàgbà lójoojúmọ́, okùn náà kì í sì í dàgbà: ẹni tó bá dè é lónìí, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù mẹ́ta, lè wá rí i pé okùn ti gé wọ inú ẹran ara, ojú egbò ti ń rùn, ìdin sì ti wọ̀ ọ́. Kí a máa fi ìka méjì dán ọrùn ọmọ ajá wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a kọ sí àmì ìdánimọ̀

Idẹ, alumíníọ́ọ̀mù àti irin tí kì í dípata ni a máa ń lò, gbígbẹ́ sì ni kí a gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí i, nítorí pé èyí tí a fi tàdáwà kọ yóò ti pa rẹ́ kí òjò ọdún kan tó parí. Nọ́ńbà fóònù ló ṣe pàtàkì jù. Kí ó jẹ́ méjì bí àyè bá wà, kí ìka 11 inú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì pé, nítorí pé fóònù kan lè kú tàbí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má lọ. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ alájá àti orúkọ àdúgbò, bíi Adéwọlé, Fátẹ̀ tàbí Ọlọ́jẹ̀. Orúkọ agbo-ilé wúlò láàárín àwọn tó mọ agbo-ilé, ṣùgbọ́n àlejò tó rí ajá náà ní Òfà Gàréèjì kò ní mọ̀ ọ́n. Orúkọ ajá fúnra rẹ̀ kò pọn dandan, nítorí pé ó lè ran ẹni tó fẹ́ jí i lọ́wọ́ láti pè é sọ́dọ̀. Bí alájá bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó pààrọ̀ àmì. Ẹni tí kò bá tíì rí owó gbẹ́ irin lè fi òwú àti abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà náà sára okùn ọ̀rá, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ariwo báńgà ọdún, ìbọn àti àrá òjò lè lé ajá tó mọ ilé bí ẹní mọwó fo ògiri, etí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ìpè mọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ọrùn rẹ̀ ni yóò máa pe olówó rẹ̀.

Àmì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti microchip

Ọmọ ajá yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ilé-ìwòsàn ẹranko kan a máa fún alájá ní àmì irin tó fi ọdún abẹ́rẹ́ hàn. Kí a kọ́ ọ mọ́ ọrùn pẹ̀lú àmì orúkọ, kí a sì tọ́jú káàdì àjẹsára sílé, nítorí pé káàdì ni ẹ̀rí tó dúró. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni nípa ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ilé-ìwòsàn ẹranko mìíràn nínú ìlú wà fún iṣẹ́ yìí. Bí ajá 70 nínú 100 bá ń gba abẹ́rẹ́ náà ní ìlú kan, àrùn náà kì í rí ibi gbilẹ̀ mọ́, lórí èyí sì ni àwọn àjọ àgbáyé gbé ìpinnu wọn kà pé kí ikú dìgbòlugi tó ń ti ọ̀dọ̀ ajá wá dópin nígbà tó bá di ọdún 2030.

Microchip jẹ́ ohun kékeré tó tó hóró ìrẹsì, tí dókítà ẹranko ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì. Nọ́ńbà oníka 15 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ pàtàkì kan ni a fi ń kà á; kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà. Kò ṣeé já bọ́ bí okùn, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí kò ní ẹ̀rọ náà kò lè rí i, nítorí náà ẹni tó ní agbára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ bọ́ okùn ọrùn sílẹ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ àti ẹ̀tọ́ aládùúgbò

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a tú okùn náà, kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ, kí a sì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá egbò tàbí eégbọn wà níbẹ̀, nítorí pé abẹ́ okùn ni eégbọn fẹ́ràn láti sá sí. Kí a tún wo òrùka tó gbé àmì, kí ó má baà ti là. Ó sàn kí a bọ́ okùn kúrò lọ́rùn ajá tí a tì mọ́ inú àgò irin, kí ó má baà kọ́ irin kí ó sì fún un lọ́rùn. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí ògiri tó lè fò, kí ó má baà so rọ̀ sódìkejì.

Ìlọrin jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ olùgbé rẹ̀ sì ń ṣọ́ra fún itọ́ ajá nítorí àlùwàlá àti ìrun. Ẹ̀sìn náà kò ta ajá nù: Súrà Al-Māʼida, ẹsẹ 4, fàyè gba ẹran tí ẹranko ọdẹ tí a kọ́ bá mú, Súrà Al-Kahf sì dárúkọ ajá tó wà pẹ̀lú àwọn ará inú ihò. Nítorí náà, alájá tó fi okùn fa ajá rẹ̀ nígbà tó ń kọjá níwájú mọ́sálásí, tí kò sì jẹ́ kí ó máa rìn gbéregbère ní ọjà, ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ aládùúgbò, ó sì ń dáàbò bo ajá rẹ̀.

Bí a bá rí ajá tó sọnù, tàbí bí ajá bá bu ènìyàn jẹ

Ẹni tó bá rí ajá tí kò mọ̀ kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ sí i lọ́rùn láti ka àmì rẹ̀. Kí ó dúró lókèèrè, kí ó fi fóònù ya àwòrán ọrùn náà, kí ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù láti ka nọ́ńbà. Kí a kọ́ àwọn ọmọdé pé àgbàlagbà ni kí wọ́n pè.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe fi ata, epo tàbí irun ajá sí i. Kí a má ṣe dúró de ọjọ́ 10 tí a fi ń ṣọ́ ajá kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Dókítà ni yóò sọ bóyá a lè dá ìtọ́jú náà dúró. Kí a má sì ṣe pa ajá náà kí a sọ ọ́ nù, nítorí pé bí ó bá kú, inú ọpọlọ rẹ̀ ni a ti ń yẹ dìgbòlugi wò, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí nípa Ẹranko ti orílẹ̀-èdè yìí tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

A rọ gbogbo alájá ní Ìlọrin pé lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n fi ìka méjì dán ọrùn ajá wọn wò, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bóyá ó ṣì ń lọ, kí wọ́n sì yẹ ọjọ́ tó wà lórí káàdì àjẹsára rẹ̀ wò. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kù, kí wọ́n má jẹ́ kí ajá náà jáde kí wọ́n tó tún un ṣe.