Bí Ọkọ̀ Agbégẹdú Ṣe Ń Dojú Dé

Orí kọ́nà làwọn èèyàn ti ń rí ọkọ̀ agbégẹdú tó dojú dé, ṣùgbọ́n inú igbó, níbi tí wọ́n ti to igi sẹ́yìn rẹ̀, ni ìṣubú náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ya kọ́nà, ẹrù rẹ̀ ò fẹ́ yà. Ọ̀kánkán ló fẹ́ máa lọ. Bí ẹrù náà bá ṣe ga tó ni yóò ṣe rọrùn fún un tó láti fa ọkọ̀ ṣubú. Eré àsápajúdé ló ń dá kún un: awakọ̀ tó bá fi ìlọ́po méjì eré wọ kọ́nà kan náà ti sọ ipá tó ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Táyà ẹ̀yìn tìrélà lè ti gbéra nílẹ̀ kí ẹni tó jókòó níwájú tó mọ̀ ọ́n lára.

Igi gẹdú rí roboto. Èèpo rẹ̀ a máa ṣí, òjò a sì mú un yọ̀. Bí ṣéènì bá dẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan á yí, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ní Nàìjíríà, àwọn alágbàṣe tó bá ọkọ̀ lọ sígbó a máa padà wálé lórí igi yìí gan-an. Bí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn ni igi máa kọ́kọ́ wó lé. Kò yẹ kí ọlọ́kọ̀ kankan gbà á láyè.

Ewu ò tán bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ẹni tó bá dúró síhà tí ẹrù fì sí, tó ń tú ṣéènì, lè má ráyè sá. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí ṣéènì wà lórí ẹrù títí ẹ̀rọ tó ń já a yóò fi di igi mú, kí wọ́n sì tú u láti ìhà tí ẹ̀rọ náà wà. Síbẹ̀, lọ́dún 2022, nǹkan bí 100 nínú 100,000 òṣìṣẹ́ agégi níbẹ̀ ló kú sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ti gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ ò tó 4. Igi àti ẹ̀ka tó ń wó lulẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Ní ti ọkọ̀ tó ń dojú dé lójú ọ̀nà, òfin ọdún 2002 ní New Zealand sọ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá gbọ́dọ̀ lè dúró lábẹ́ ipá àtẹ̀gbẹ́wá tó tó ìdá 35 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ láìṣubú. Ẹrù tí wọ́n bá tò gùn dípò kó ga ló ń tètè yege.

Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 lórí owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ tó ń san owó náà létí.