Olè Inú Táǹkì: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ ni ó ti rí ohun ìyanu yìí: ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ kún táǹkì lónìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò rí òkú kan tí ó léfòó. Àwọn kan a ní olè ni, àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Olè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú táǹkì ni olè náà ń gbé.

Omi àti ibùgbé

Omi kànga tí ó mọ́ dára fún wọn. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni ẹ ní, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ láìdé e fún ọjọ́ kan gbáko, kí oògùn apakòkòrò inú rẹ̀ lè fò lọ. Ọmọ àrọ̀ kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Ẹ bo apá kan táǹkì. Kí wọ́n tó pé bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, wọn kò lè yọjú mí afẹ́fẹ́ òde bí àrọ̀ àgbà. Nítorí náà, omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Oúnjẹ

Nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin àrọ̀ a máa pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ wà nínú àpò kékeré tí ó wà níkùn ọmọ ẹja. Ẹ má fún wọn ní ohunkóhun. Nígbà tí àpò náà bá ń tán lọ, tí wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, ebi ti dé.

Oúnjẹ tí ó dára jù nígbà náà ni Artemia, kòkòrò omi iyọ̀ tí a ń ta ẹyin rẹ̀ nínú agolo. Ẹ po gíráàmù iyọ̀ 25 sí 30 mọ́ lítà omi kan, ẹ da ẹyin náà sí i, ẹ sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Yóò pa ní nǹkan bí wákàtí 24. Ẹ fi aṣọ tí ojú rẹ̀ dí sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kí ẹ tó fi bọ́ ẹja ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú kún un. Àjẹkù a máa ba omi jẹ́. Ẹ máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ẹ̀gbin ìsàlẹ̀ jáde lárààárọ̀.

Mímú olè náà

Ọjọ́ kan náà ni a bí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í dàgbà bákan náà. Àwọn tí ó yára tóbi a kọ́kọ́ máa gé ìrù àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ; nígbà tí ẹnu wọn bá fẹ̀ sí i, wọn a gbé odindi mì. Bí wọ́n ti ń jẹ ni wọ́n ń tóbi, bí wọ́n ti ń tóbi ni wọ́n ń jẹ. Ebi a sì máa mú ìwà yìí burú sí i.

Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa ṣà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ. Ẹ kó àwọn ńlá sí táǹkì tiwọn. Ẹ má dà wọ́n nù, nítorí ẹja tí yóò tètè tó tà ni wọ́n. Ẹ ka iye tí ó wà ní táǹkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye bá dín tí òkú kò sí, ẹ má wá olè lọ sí ìta. Ẹ tún wọn ṣà.