Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀dá-Ìtàn nínú Eré Amóhùnmáwòrán: Ìbídùn Allison àti Orúkọ ‘Amebo’

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ṣe àyẹ̀wò eré orí ìtàgé tàbí ti amóhùnmáwòrán, ara olú ẹ̀dá-ìtàn ni ojú wọn sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọba, jagunjagun, ọ̀gá iléèwé tàbí baálé ilé ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ojú-ewé tú palẹ̀. Òṣèré tí ó kó ipa amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í sábà rí ju ìlà kan gbà, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin. Síbẹ̀, ní ọjà Mile 12, ní ibùdókọ̀ Kétu àti ní àdúgbò Ìkòsì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu tọmọdé tàgbà, tí ó sì jẹ́ ogún tí irú òṣèrébìnrin bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ fún èdè. Ọ̀rọ̀ náà ni amebo. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí orúkọ ẹ̀dá-ìtàn kan ṣe di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, ìdí tí ó fi jẹ́ pé amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí tí kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, àti ohun tí irú òkìkí bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ òṣèré tí ó ni ín.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìlú Ìbàdàn ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ ìṣàkóso Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ó dá WNTV sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1962. Ṣẹ́gun Olúṣọlá, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò jáde ní Ìbàdàn, wá sí Èkó lẹ́yìn náà, òun ni ó sì dá eré The Village Headmaster sílẹ̀. Orí rédíò ni eré náà ti kọ́kọ́ jáde kí ó tó bọ́ sórí amóhùnmáwòrán ní 1968. Ó ń bá a lọ títí iléeṣẹ́ náà fi di apá kan NTA láàárín ọdún 1976 sí 1977, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1988. Ogún ọdún gbáko ni èyí.

Abúlé kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ọjà ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Abúlé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a bu iyọ̀ ilé sí ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Déjúmọ̀ Lewis ni Kábíyèsí, Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Eléyinmi, Elsie Olúṣọlá ni Sisi Clara. Ìbídùn Allison ni ó kó ipa Amebo, obìnrin ẹlẹ́mu tí kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé tí etí rẹ̀ kò gbọ́, tí kò sì sí ohun tí ó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ gbà dúró.

Iṣẹ́ tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣe

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé òṣèré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó ipa ọ̀gá iléèwé náà láàárín ogún ọdún yìí: Ted Mukoro ni ó kọ́kọ́ ṣe é, Fẹ́mi Robinson tẹ̀ lé e, Justus Esiri sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe eré gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀ òṣèré rẹ̀ yìí, eré kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dàrú. Èyí fi hàn pé ipò ni olú ẹ̀dá-ìtàn ọ̀hún. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ ipò náà ni yóò máa pàṣẹ. Ti Amebo yàtọ̀. Kò ní ipò kankan tí yóò gbé e ró. Ohùn rẹ̀, ìrìn rẹ̀, bí ó ṣe ń ṣẹ́jú àti bí ó ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí ó tó tú àṣírí ni ó sọ ọ́ di ènìyàn. Irú nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ìwé eré. Ara òṣèré ni wọ́n ti ń wá.

Ìdí kejì wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe eré amóhùnmáwòrán nígbà náà. Inú ilé ìyàwòrán ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n sì lè ṣe lọ́jọ̀ kò pọ̀. Nínú The Village Headmaster, ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé: ààfin, iléèwé, àti ilé ẹmu Amebo. Ààfin ní àwọn tí ó lè wọ ibẹ̀. Iléèwé náà ní tirẹ̀. Ilé ẹmu nìkan ni kò yan ẹni tí yóò wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààfin ti ń pàdé ọ̀rọ̀ iléèwé. Ìjà tí òǹwòran kò rí, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ète tí olóyè kan pa ní ìkọ̀kọ̀, ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n pa á sí yóò ti fura. Bí wọ́n bá yọ Amebo kúrò, apá kan eré kò ní mọ ohun tí apá kejì ń ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe pé ó kàn ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Òun ni ó ń gbé ìtàn láti ojúlé kan dé èkejì.

Irú rẹ̀ ní òkè òkun

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní Manchester, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ Granada, tí agbègbè náà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, bẹ̀rẹ̀ eré Coronation Street ní oṣù kejìlá ọdún 1960. Nínú eré yìí pẹ̀lú, ilé ọtí kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pàdé sí, tí wọ́n ń pè ní Rovers Return. Jean Alexander kó ipa Hilda Ogden, obìnrin tí ń tọ́jú ilé ọtí náà, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ará àdúgbò, láti 1964 títí di ọjọ́ Kérésìmesì 1987. Tálákà ni Hilda, ìgbálẹ̀ ni ó ń mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fẹ́ràn jù lọ.

Ìjọra àwọn méjèèjì hàn kedere: obìnrin tí kò ní ipò, ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí, àti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn eré. Granada tọ́jú eré tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Jean Alexander ṣe ṣe é lè wò ó. Ní ti Amebo, inú ìrántí àwọn tí ó wo eré náà nígbà náà ni ó pọ̀ sí jù. Téèpù fídíò wọ́n púpọ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àṣà pípa àwòrán àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò sì wọ́pọ̀ káàkiri ayé. BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ tirẹ̀ rẹ́. Ibi tí àwòrán kò bá sí, orúkọ nìkan ni ó ń kù.

Ẹni tí ó ni orúkọ

Nínú ẹgbẹ́ eré alárìnjó Yorùbá, orúkọ eré máa ń mú owó wọlé. Moses Ọláìyá ni Bàbá Sàlá, òun náà ni ó ni ẹgbẹ́ Aláwàdà. Ibi tí orúkọ bá dé, ọlọ́jà rẹ̀ ti dé. Àwọn obìnrin kò sábà ní irú àǹfààní yìí. Hubert Ògúńdé fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, nítorí ojú tí àwùjọ fi ń wo obìnrin tí ń ṣeré kò dára nígbà náà, àti kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìdòwú Philips di Ìyá Rainbow nítorí pé Òṣùmàrè ni orúkọ ẹgbẹ́ eré ọkọ rẹ̀. Láńre Hassan, tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Òjó Ládiípọ̀, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Àwẹ̀ró. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe Ìyá Rainbow tàbí Ìyá Àwẹ̀ró, ènìyàn kan ṣoṣo ni yóò dáhùn. Orúkọ náà ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó ni ín.

Ti Amebo ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pe amebo ní Mile 12, láàárín àwọn alátà, àwọn onítòmátì àti àwọn oníṣu, ẹnikẹ́ni ni ó lè dáhùn, ọkùnrin tàbí obìnrin, Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó fún un ní ẹ̀mí sì ti kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó ni wọn kò tíì bí nígbà tí eré náà parí ní 1988.

Amebo àti olófòófó

Ènìyàn lè bèèrè ohun tí èdè Yorùbá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tuntun ṣe, nígbà tí ó ti ní olófòófó àti alátojúbọ̀ nílẹ̀. Ìdáhùn wà nínú ìlò. Ọ̀rọ̀ tí ó le ni olófòófó. Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́, tàbí ó ti tú ilé ká, ìjà sì lè bá a rìn. Amebo fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní amebo kí àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lè fi pe ara rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí kò kàn án. Ẹ̀rín àti àforíjì wà nínú rẹ̀. Kò jọ pé orísun ìwà pẹ̀lẹ́ yìí jẹ́ ohun mìíràn ju bí òṣèré náà ṣe ṣe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ lọ: wọ́n mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń padà sí. Bí ó bá ṣe é bí ìkà ènìyàn ni, olófòófó ni èdè ìbá fi í pè, kò bá sì sí ọ̀rọ̀ tuntun.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé kíkéré ipa kọ́ ni kíkéré iṣẹ́. Ipò ni ó gbé ọ̀gá iléèwé ró, òṣèré mẹ́ta sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbé Amebo ró, èdè sì gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí èdè bá gbà, kì í béèrè ẹni tí ó ni ín. Iṣẹ́ yìí wá kù sí ọwọ́ àwọn onímọ̀. Ó yẹ kí ìwé atúmọ̀-èdè tí yóò bá kó amebo wọlé dárúkọ eré tí ó ti wá, kí ó sì dárúkọ Ìbídùn Allison. Ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ ìtàn eré amóhùnmáwòrán lọ bá àwọn àgbà tí ó wò ó, ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní ibòmíràn, kí ó gba orúkọ àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó rántí ṣì wà láyé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni ó mọ. Obìnrin tí ó fi òfófó ṣeré títí orúkọ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn, ọpẹ́ náà ni ó kéré jù tí ó yẹ kí ó rí gbà.