Láti Ìbàdàn dé Bruma: Ìrìn-àjò Àwọn Tí Ń Wá Ìmọ̀

Ní ìlà-oòrùn ìlú Johannesburg, lẹ́bàá Odò Jukskei, àdúgbò kékeré kan wà tí à ń pè ní Bruma. Kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú OR Tambo, nítorí náà ni àlejò tí ó wá ṣe àpérò a máa wọ̀ sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ lè rí ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jókòó ti àpótí aṣọ rẹ̀, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́la ní àkàtúnkà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọn yóò fún un. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ó fi ṣe ìwádìí ohun tí ó fẹ́ sọ.

Kí ni ojú rẹ̀ kò rí kí ó tó dé ibẹ̀? Ọ̀gá rẹ̀ ti fi gègé pupa kun iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ retí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ìbẹ̀rù sì kù síbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn aláṣẹ Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà ní pápákọ̀ náà, wọ́n ní ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọn kì í ṣe ojúlówó. Nàìjíríà náà dá tiwọn padà, kí ìjọba Pretoria tó tọrọ gáfárà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀nà yìí kan náà ti há mọ́ ẹlòmíràn rí, ọ̀dọ̀ wa ni ẹni náà sì ń bọ̀. Olùkọ́ ni Ezekiel Mphahlele ní Orlando, ní Johannesburg. Ní 1952, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó tako ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fẹ́ fi rẹ ọmọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Kò torí èyí pa ìwé tì. Nípa ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ ni ó fi gba oyè M.A. Ní oṣù kẹsàn-án 1957 ni ó tó rí ọ̀nà jáde wá sí Èkó. Ó kọ́ni ní CMS Grammar School, lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní 1961, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Ulli Beier àti Wọlé Ṣóyínká. Ní oṣù kẹfà 1962, ó wà nídìí àpérò àwọn òǹkọ̀wé ní Makerere, ní Uganda. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé náà kan, ọmọ Kenya, mú ìwé tí ó ń kọ tọ Chinua Achebe lọ pé kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ngũgĩ wa Thiong'o ni ọmọ náà. Ìwé náà, Weep Not, Child, jáde ní 1964. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Mphahlele gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Denver, ní Amẹ́ríkà, ní 1968. Àjò kì í dùn kí onílé má rè'lé: ó padà ní 1977, ó sì dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Witwatersrand ní 1983. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Akọ̀ròyìn Nat Nakasa gba àyè ẹ̀kọ́ ní Harvard ní 1964; ìjọba rẹ̀ ní bí ó bá lọ, kò gbọdọ̀ padà mọ́. Ó kú ní New York ní 1965. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ti àpérò dé, ẹ má bi í kìkì pé, ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ? Ẹ bi í pé ta ni ó bá pàdé, kí ni ó gbọ́, kí ni yóò sì fi kọ́ àwọn tí kò rí ọ̀nà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò àṣẹ, ìbáà ṣe ní Àbújá tàbí ní Pretoria, ẹ rántí pé ilẹ̀kùn tí Èkó ṣí fún olùkọ́ kan ní 1957 kò di àdánù fún wa. Bí a bá ti ọ̀nà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, a kò lè mọ ẹni tí a dá padà.