Aṣọ Ẹ̀yìn Ẹni Tí A Ń Ya Fọ́tò Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aṣọ funfun ni ó yẹ kí a ta sí ẹ̀yìn ẹni tí a fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ojú ènìyàn dúdú yóò wá ṣókùnkùn, a kò sì ní rí ju eyín rẹ̀ lọ. Ojú ẹni náà ni kí a wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe aṣọ. Mo fẹ́ràn aṣọ aláwọ̀ eérú tí kò dán, tí kò sì ní ọnà. Kí ẹni náà fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 jìnnà sí i, kí ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji rẹ̀ má baà bọ́ sórí aṣọ.

Síbẹ̀, a rí ẹni tí kò fara mọ́ aṣọ aláìlọ́nà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀: Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé fọ́tò ní Bamako, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali nísinsìnyí, ní 1948. Aṣọ orí ibùsùn rẹ̀, tí ó ní wajawaja létí, ni ó kọ́kọ́ ta. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn inú àgbàlá ni ó sábà máa ń lò. Ọnà aṣọ náà a máa dàpọ̀ mọ́ ọnà aṣọ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ojú wọn a yọ kedere láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó máa ń pààrọ̀ aṣọ. Òun ni ó sì fi ń mọ àkókò tí ó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan.