Òwò Ẹrú Nínú Fíìmù àti Géèmù: Níbo Ni Eré Ti Ń Di Ohun tí Kò Bójú Mu?

1.0 Ìfáàrà

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà orí ẹ̀rọ. Òun ni pé ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ohun tí ó ti pa ènìyàn lẹ́kún ṣe géèmù? Ó pẹ́ tí fíìmù ti ń sọ̀rọ̀ lórí ogun, ìpakúpa àti òwò ẹrú, àwọn òǹwòran a sì máa yin àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti inú fíìmù bọ́ sínú géèmù, àwọn ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àṣejù ti wọ̀ ọ́, pé kò bójú mu. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe àlàyé ibi tí àṣejù náà ti ń wọlé.

Òwò ẹrú ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, Ọ̀tà ni a ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé eré àtijọ́ àti eré òde òní pàdé ní ìlú náà. Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì tí a mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́. Ṣàngó-Ọ̀tà tí ó fara tì í sì jẹ́ àgbègbè ilé-iṣẹ́ tí èrò láti ibi gbogbo ń gbé, tí àwọn ọmọdé sì ń sanwó láti gbá géèmù nínú ìsọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn ìlú ńlá mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni Àgbádárìgì, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀ ẹrú sọdá òkun, kò jìnnà sí wọn.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ṣeré ni ó ń sọ eré di ohun tí kò bójú mu, kì í sì í ṣe géèmù gẹ́gẹ́ bí géèmù. Iṣẹ́ tí eré náà ń san èrè lé lórí ni ó yẹ kí a wò.

2.0 Eré àti Ọ̀rọ̀ Ẹlẹgẹ́ Láàrin Yorùbá

Kì í ṣe òde òní ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́. Láàrin àwọn Kétu, àwọn Yéwà àti àwọn Àwórì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni eré tí a fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá wa, tí a sì fi ń tù wọ́n lójú. Àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ àjogúnbá pàtàkì ọmọ ènìyàn ní ọdún 2001. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde, kí ijó ọ̀sán tó dé. Ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin tú àṣírí olè, alágbèrè àti alágbára tí ń fi ipò rẹ́ni jẹ. Ara a máa ta ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá Ẹ̀fẹ̀ jà.

Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ohun mẹ́ta ni ó fún Ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ yìí. Èkíní ni ìjúbà. Ẹ̀fẹ̀ kì í la ẹnu sí ọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ júbà àwọn tí ó ni ilẹ̀ àti àwọn tí ó ni òru. Èkejì ni àkókò àti ibi: ohun tí a lè sọ lójú agbo lóru Ẹ̀fẹ̀, a kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú pópó ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ẹ̀rín dá lé lórí. Ẹ̀rín àwùjọ ni èrè Ẹ̀fẹ̀, oníwà ìbàjẹ́ ni a sì ń rín. Bí Ẹ̀fẹ̀ kan bá fi ẹni tí olè jà ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó sì fi olè sílẹ̀, eré rẹ̀ ti ṣìnà, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni Ìdàhọ̀mì, ọ̀kan nínú àwọn eré tí àwọn eégún aláré ń ṣe, tí J. A. Adedeji ṣe àlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Alárìnjó. Ọmọ ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864. Wọ́n sì pa ìlú Kétu run ní 1886. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kó lẹ́rú. Síbẹ̀, eégún aláré a máa sín àwọn ará Ìdàhọ̀mì jẹ lójú agbo, àwọn òǹwòran a sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó sọ pé eré náà tàbùkù àwọn tí ogun kó, nítorí pé àwọn ènìyàn tí ogun jà ni wọ́n ń fi ajagun ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn àpẹẹrẹ méjèèjì yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan kò le ju kí a fi í ṣeré lọ, bí eré náà bá mọ ẹni tí ó ń rín.

3.0 Òǹwòran Fíìmù àti Aṣeré Géèmù

Fíìmù ti sọ̀rọ̀ òwò ẹrú lọ́nà púpọ̀. Ní 1977 ni tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà gbé Roots jáde láti inú ìwé Alex Haley. Haile Gerima ṣe Sankofa ní 1993, Steven Spielberg sì ṣe Amistad ní 1997. Nínú Amistad, a rí ibi tí àwọn atukọ̀ ti fi ẹ̀wọ̀n so ènìyàn pọ̀ tí wọ́n sì jù wọ́n sínú òkun. Ìran náà le púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó wò ó kọ́ ni ó so ẹ̀wọ̀n, kò sì lè tú u. Ojú rẹ̀ ni ó rí i, ọkàn rẹ̀ ni ó sì bà jẹ́.

Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aṣeré kò bá fi ọwọ́ ṣe nǹkan, ìtàn kò ní lọ síwájú. Ian Bogost, nínú ìwé rẹ̀ Persuasive Games tí ó jáde ní 2007, ṣàlàyé pé òfin àti ìlànà tí géèmù ń tẹ̀ lé ní agbára láti yí ènìyàn lérò padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwòrán ti ní in. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, kò tó kí a bi géèmù léèrè ohun tí ó ń fi hàn. A gbọ́dọ̀ bi í léèrè ohun tí ó ń fi ọwọ́ wa ṣe, àti ohun tí ó fi ń yìn wá nígbà tí a bá ṣe é dáadáa.

4.0 Ọkọ̀ Ẹrú: Àwòrán 1788 àti Géèmù 2013

Ní 2013, ilé-iṣẹ́ kan ní Dẹ́nímáàkì, Serious Games Interactive, ṣe géèmù tí ó pè ní Playing History 2: Slave Trade. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọdé. Aṣeré di ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún ọ̀gá inú ọkọ̀ ẹrú. Ní ibì kan nínú géèmù náà, aṣeré níláti to ara àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ bí a ti ń to ègé nínú géèmù Tetris: ara ń já bọ́ láti òkè, aṣeré a máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí àyè má baà ṣófo. Nígbà tí géèmù náà dé ọ̀dọ̀ àwùjọ tí ó gbòòrò lórí ọjà Steam ní 2015, ìbínú ru. Ilé-iṣẹ́ náà yọ apá yìí kúrò. Àlàyé wọn ni pé àwọn kan rí i bí ohun tí kò ro ti ẹlòmíràn, àti pé ó ń bo ẹ̀kọ́ tí géèmù náà wà fún mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí a rántí pé orílẹ̀-èdè Dẹ́nímáàkì gan-an ṣe òwò yìí ní etíkun Gánà, títí òfin tí wọ́n ṣe ní 1792 fi fòpin sí i ní 1803. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kò ní gbàgbé.

Àmọ́ a kò gbọdọ̀ yára dájọ́. Títo ènìyàn sínú ọkọ̀ kì í ṣe irọ́. Ní 1788, àwọn tí ń jà fún òpin òwò ẹrú ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwòrán ọkọ̀ Brookes jáde. Òfin ọdún náà gba ọkọ̀ yìí láàyè láti kó ẹrú 454. Kí òfin tó dé, ó ti kó tó 609 rí. Nínú àwòrán náà, a to ara ènìyàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwòrán yìí àti géèmù Dẹ́nímáàkì ń sọ. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ru àánú sókè, tí èkejì sì ru ìbínú?

Ìyàtọ̀ wọn wà nínú èrè. Ẹni tí ó wo àwòrán Brookes kò jèrè kankan nínú bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti fún pọ̀ tó. Bí ó bá ti ń wò ó pẹ́ sí i ni ojú yóò máa tì í sí i. Ẹni tí ó ń gbá géèmù ń yege nígbà tí ó bá rí ibi fún ara kan sí i láàrin ara méjì. Ayọ̀ ẹni tí ó to nǹkan tí ó sì bá ara mu ni géèmù náà fún un. Ayọ̀ yìí sì ni ayọ̀ ọ̀gá ọkọ̀. Ẹnu géèmù náà ń bá òwò ẹrú wí, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ń yin ẹni tí ó ṣe òwò náà dáadáa.

5.0 Àwọn Géèmù tí Ó Tọ Ọ̀nà Mìíràn

Ní oṣù Ọ̀pẹ 2013, Ubisoft gbé Freedom Cry jáde, tí ó jẹ́ àfikún sí Assassin's Creed IV: Black Flag. Adéwálé ni akọni rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni a fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ẹrú ní Trinidad ni wọ́n bí i sí. Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè Port-au-Prince ní nǹkan bí 1735. Iṣẹ́ aṣeré ni láti tú ẹrú sílẹ̀, nítorí náà ibi tí èrè wà dára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀: iye ẹrú tí aṣeré bá tú sílẹ̀ ni ó máa ń ṣí ọ̀nà fún un láti ní irin-iṣẹ́ àti ohun ìjà tuntun. Ẹni tí a gbà lọ́wọ́ olówò tún di iye nínú ìwé ìṣírò. Ìran kan wà, síbẹ̀síbẹ̀, tí kò gba ìṣírò. Ọkọ̀ ẹrú kan ń rì, Adéwálé wà nínú rẹ̀, kò sì lè gba gbogbo àwọn tí a so mọ́lẹ̀. Kò sí èrè kankan fún aṣeré níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni géèmù náà ti sọ òótọ́ jù.

Àpẹẹrẹ kejì kì í ṣe ti orí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Brenda Romero, tí ó ń ṣe géèmù ní Amẹ́ríkà, ṣe eré orí tábìlì kan fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n kọ́ nípa òwò ẹrú ní ilé-ìwé. The New World ni ó pè é, ní 2008. Ọmọ náà kun àwọn ọmọ ayò, ó sì pín wọn sí ìdílé ìdílé. Lẹ́yìn èyí, ìyá rẹ̀ ṣa díẹ̀ nínú wọn sínú ọkọ̀ láìka ìdílé sí. Ìgbésẹ̀ 10 ni ọkọ̀ yóò fi sọdá òkun, oúnjẹ 30 ni ó wà nínú rẹ̀, dáìsì bí ti lúdò ni yóò sì sọ iye tí a jẹ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n bí ìpíndọ́gba dáìsì ti jẹ́ 3.5, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ 35 lọ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Oúnjẹ kì yóò tó. Òfin eré náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọmọ ní ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ.

Ní 2009, Romero tún ṣe Train. Níhìn-ín, àwọn aṣeré ń to ọmọ ayò sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ń sáré kí wọ́n lè kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ní òpin ni wọn yóò ka káàdì tí ó sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ: Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Násì ti pa àwọn Júù. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni èyí àti ti géèmù Dẹ́nímáàkì, títo ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n Train gba èrè náà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó borí, ó sì fi ìtìjú rọ́pò rẹ̀.

6.0 Àwọn Àtakò

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí ó ṣe géèmù ni ó ṣe pàtàkì, pé kí àwọn ọmọ ẹni tí a tà nìkan máa sọ ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ wà nínú èyí. Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá jókòó níbi tí a ti ń ṣe é, wọn yóò tètè rí àbùkù. Ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ Yorùbá pàápàá lè ṣe géèmù tí ń yin olówò ẹrú, nítorí a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn kan nínú wa tà, bí àwọn kan ti di ẹni tí a tà. Ogun abẹ́lé ni ó kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní 1821, kí a tó tà á fún àwọn Pọtogí ní Èkó, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822.

Àwọn mìíràn lè ní eré ọmọdé lásán ni, pé ọmọ tí ó gbá géèmù kò ní torí rẹ̀ di olówò ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní dì í. Ṣùgbọ́n bí eré, bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ohun tí ó wà nínú ewu ni ìrántí. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ ẹrú gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń to nǹkan kí a lè gba máàkì, ó ṣòro kí ó tó fi ojú mìíràn wo ẹ̀wọ̀n tí ó wà ní Àgbádárìgì.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé fífi ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ ṣe géèmù kò burú fúnra rẹ̀, àti pé inú rere ẹni tí ó ṣe é kò tó láti dá a láre. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́, òbí àti aṣelámèyítọ́ máa bi géèmù kọ̀ọ̀kan ni èyí: kí ni ó ń san èrè fún, èrè ta ni aṣeré sì ń jẹ? Bí èrè náà bá jẹ́ ti ẹni tí ó ni, eré náà kò bójú mu, bí ẹ̀kọ́ tí ó kún inú rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Bí géèmù bá kọ̀ láti san èrè fún ìkà, tàbí tí ó gba èrè náà padà, ó lè dé ibi tí fíìmù kò dé, nítorí pé ó ti ọwọ́ ènìyàn dé ọkàn rẹ̀.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Ọ̀tà. Láti ọjọ́ tí Ẹ̀fẹ̀ ti ń kọrin lóru níbẹ̀ ni ó ti mọ ẹni tí ó yẹ kí a rín. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń ṣe géèmù, àti àwọn tí ń rà á wá sí ìsọ̀ ní Ṣàngó, mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.